Bí mo ṣe so kọ̀ǹpútà àtijọ́ mẹ́fà ní Kétu mọ́ orúkọ ìwọlé Àjàṣẹ́

Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni mo bá lọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, CentOS 5, irú Linux kan tó ti pẹ́, ló sì wà lórí wọn. Ètò tí wọ́n fi ń ṣírò owó kò ṣiṣẹ́ lórí Linux tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó kọ ọ́ sì ti re ìdálẹ̀ tipẹ́, nítorí náà a ò lè pa wọ́n tì. Àwọn ọ̀gá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní tiwọn ti kó orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sínú Active Directory, ìwé orúkọ ti Microsoft. Wọ́n fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan ní orúkọ kan àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan, ì báà jókòó sí Àjàṣẹ́, ì báà jókòó sí Kétu. Ṣáájú ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn orúkọ tirẹ̀; ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún méjì ṣì lè wọlé. Owó àwọn àgbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Mo gbé FreeIPA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ Active Directory fún Linux, sórí sáfà (server) kan ní Kétu, CentOS 7 nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n pe domain rẹ̀, ìyẹn orúkọ agbègbè rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní ketu.example, ti Àjàṣẹ́ ní ajase.example. Kí àwọn méjèèjì lè fọkàn tán ara wọn, mo tẹ:

ipa-adtrust-install --enable-compat
ipa trust-add --type=ad ajase.example --admin Administrator --password

Ẹ má fo --enable-compat yẹn o. SSSD ni ètò tí Linux fi ń wá orúkọ òṣìṣẹ́ lórí sáfà; orí ẹ̀dà 1.9 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ ohun tó ń jẹ́ trust, ìfọkàntán yẹn, bẹ́ẹ̀ SSSD 1.5 ló wà lórí CentOS 5. Kọ̀ǹpútà wa kò mọ ọ̀nà Àjàṣẹ́, sáfà ni yóò bá a lọ. Compat ń ṣí ẹ̀ka kan sílẹ̀ nínú LDAP (ibi tí sáfà ń kó orúkọ sí), cn=compat lorúkọ rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá béèrè ẹnì kan níbẹ̀, sáfà á lọ béèrè lọ́wọ́ Àjàṣẹ́, á sì gbé èsì wá bí ẹni pé ọmọ ilé ni onítọ̀hún. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ aṣínà ń gbà kọjá.

Lórí sáfà ni mo ti kọ́kọ́ tẹ getent passwd akowe@ajase.example, láti wò bóyá ó mọ ẹni náà. Ó dáhùn. Ká ní kò dáhùn ni, mi ò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan. Mo wá ṣe kinit admin láti wọlé bí alábòójútó, mo sì pe ipa-advise config-redhat-sssd-before-1-9, èyí tó ń kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀ fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ọkàn sssd.conf, fáìlì ètò SSSD, nìyí:

id_provider = ldap
auth_provider = ldap
ldap_uri = ldap://safa.ketu.example
ldap_search_base = cn=compat,dc=ketu,dc=example
ldap_tls_cacert = /etc/openldap/cacerts/ipa.crt
re_expression = (?P<name>.+)

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi, nítorí mo ti yọ ọ́ kúrò, mo rò pé kò wúlò. Bí kò bá sí níbẹ̀, SSSD á gé orúkọ náà níbi @, á máa wá domain kan tó ń jẹ́ ajase.example nínú fáìlì tirẹ̀, kò ní rí i, á sì ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà náà ló ń sọ fún un pé kó gbé orúkọ lọ lódindi. Ẹ má sì yọ P inú rẹ̀, libpcre àtijọ́ tó ń ka ìlà náà kò mọ̀ ọ́n kọ lọ́nà mìíràn.

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin gbà. Méjì kọ̀, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí (certificate) sáfà kò dára. Ọ̀rẹ́ kan sọ lórí fóònù pé kí n kọ ldap_tls_reqcert = never, kí ẹ̀rọ má yẹ ìwé ẹ̀rí wò mọ́, kí n máa lọ sílé. Mo kọ̀ jálẹ̀. Kì í ṣe Kerberos, tí kì í fi ọ̀rọ̀ aṣínà ránṣẹ́, là ń lò níbí. Ọ̀rọ̀ aṣínà gan-an ló ń rìn lọ bá sáfà. Bí a ò bá yẹ ìwé ẹ̀rí wò, ẹnikẹ́ni lè dúró lọ́nà kó ní òun ni sáfà. Mo tẹ date: ọdún 2002 ló sọ! Bátìrì kékeré CR2032 inú wọn ti kú, nítorí náà gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni aago ń padà sẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí á wá dà bí èyí tí a kò tíì kọ. Mo ra bátìrì méjì, mo pààrọ̀ wọn, mo ní kí ntpd, ètò tó ń tún aago ṣe, máa gba aago lọ́dọ̀ sáfà.

Mo ti pa òfin allow_all, tó ń gba gbogbo ènìyàn láyè, lórí FreeIPA, nítorí náà mo ní láti dá òfin HBAC kan (òfin ẹni tó lè wọ ẹ̀rọ) sílẹ̀ fún system-auth, iṣẹ́ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò, lórí sáfà, fún àwọn ará Kétu nìkan. Ẹ rántí pé HBAC kò lè ya àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ yìí sọ́tọ̀ síra wọn: ẹni tó bá lè wọ ọ̀kan lè wọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá tó jẹ́ akọ̀wé níbẹ̀ pè mí. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ò gbà mí wọlé o."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Wọ́n tẹ a, q ló jáde. Bọ́tìnnì Faransé ló wà níwájú wọn, ẹ̀rọ sì rò pé ti Amẹ́ríkà ni. Mo kọ KEYTABLE="fr-latin9" sínú /etc/sysconfig/keyboard, mo tan ẹ̀rọ padà, mo fi hàn wọ́n pé AltGr àti 0 ló ń mú @ jáde. Wọ́n wọlé.

Kí n tó kúrò, mo ní kí àwọn ará Àjàṣẹ́ ti orúkọ ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ yẹn pa. Mo fi cache_credentials, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ pa ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́, sí False nínú sssd.conf, kí ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ má baà ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ kò bá rí sáfà. Mo lọ láti orí ẹ̀rọ kìíní dé ẹkẹfà, mo ń fi orúkọ náà gbìyànjú. Kò sí èyí tó ṣílẹ̀kùn.