Ẹ ka éékà yín kẹ́ ẹ tó ka owó: ṣé ẹ̀yáwó la fi ń ra katakata ni àbí owó ọwọ́?

Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè yìí láàárín oṣù yìí nìkan, ará Òkè-Ògùn ló sì pọ̀ jù nínú wọn, ẹnìkan ní Ṣakí tó ń ṣe àgbàdo, àbúrò kan ní Ìsẹ́yìn tó ń dáko pákí. "Ẹ̀gbọ́n, mo ní mílíọ̀nù díẹ̀ lọ́wọ́, ṣé kí n dúró kó pé ni àbí kí n lọ yá tó kù ní báńkì?" Gbogbo wọn ló mọ iye tí wọ́n ń ta katakata. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi iye éékà tí katakata ọ̀hún máa ro, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú bírò. Ẹ kọ éékà tiyín sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ kọ ti àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti ń háyà katakata tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń sanwó, ẹ má kọ ti ẹni tó ń sọ pé "tó o bá ti rà á èmi náà á pè ẹ́" torí ẹnu lásán nìyẹn. Ká sọ pé Massey Ferguson 375 lẹ ní lọ́kàn, alágbára ẹṣin 75, tó bá fa plọ́ọ̀ onídíísíkì mẹ́ta (irin tó ń túlẹ̀) lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti hú kùkùté ẹ̀ kúrò, éékà 6 lóòjọ́ bọ́gbọ́n mu, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tí dẹ́rẹ́bà bá tètè jí tí oko ò sì jìnnà síra wọn, ṣùgbọ́n 6 ni kẹ́ ẹ fi ṣírò. Ọjọ́ mélòó wá ni? Kí òjò tó rọ̀ dáadáa ilẹ̀ á le bí àpáta, díísíkì ò ní wọlé, tí òjò bá tún wá pọ̀ jù táyà á máa yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá pa ti àkọ́rọ̀ òjò àti ti àrọ̀kúrò pọ̀, èmi ò rò pé ọjọ́ iṣẹ́ gidi ju 75 lọ. 75 lọ́nà 6, 450 nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé katakata kan péré á ro ẹgbẹ̀rún éékà lọ́dún, ẹ ní kó mú ìwé tó fi kọ ọ́ sílẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká fi owó sí i wàyí. Iye tí mo fẹ́ lò yìí àpẹẹrẹ ni o, ẹ fi ti àdúgbò yín rọ́pò ẹ̀. Tòkúnbọ̀ pẹ̀lú plọ́ọ̀ àti hárò (irin tó ń fọ́ ògúlùtu lẹ́yìn tí plọ́ọ̀ bá túlẹ̀ tán), mílíọ̀nù 20. Owó éékà kan, 35,000 náírà. Dísù, owó dẹ́rẹ́bà, ọ́ìlì àti gíríìsì á kó 18,000 lọ nínú ẹ̀, ó ku 17,000. Éékà 400 lọ́dún á fún yín ní mílíọ̀nù 6.8. Ẹ yọ 1.8 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, ẹ má jiyàn, ẹ ṣáà yọ ọ́, ó ku mílíọ̀nù 5.

Ẹ ní mílíọ̀nù 8 lọ́wọ́, báńkì fẹ́ yá yín 12 ní 30% lọ́dún fún ọdún mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé orí owó tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ti ń ṣírò èlé, ẹ máa san bíi 509,000 lóṣù, ìyẹn mílíọ̀nù 6.1 lọ́dún, tẹ́ ẹ bá fi máa parí ẹ ti san bíi mílíọ̀nù 18.3. Àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní flat, tí wọ́n á máa ka èlé lórí mílíọ̀nù 12 látìbẹ̀rẹ̀ dópin bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti san ìdajì padà, ó di 633,000 lóṣù, mílíọ̀nù 22.8 lápapọ̀. 30% kan náà o! Mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, nítorí náà tẹ́ ẹ bá dé báńkì kẹ́ ẹ tó mu omi tí wọ́n gbé fún yín, ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé tó to owó oṣooṣù lẹ́sẹẹsẹ jáde.

Ẹ wá padà síbi éékà. Èyí tó rọrùn jù nínú méjèèjì ń fẹ́ 6.1 lọ́dún, àtúnṣe ń fẹ́ 1.8, ẹ fi 17,000 pín in, éékà 465 ni. A sì ti ní ọjọ́ 75 ò lè fún yín ju 450 lọ, ìyẹn tí nǹkan kan ò bá bàjẹ́ rárá. Ẹ ò tíì jẹun, ẹ ò tíì sanwó iléèwé ọmọ. Tó bá jẹ́ mílíọ̀nù 6 péré lẹ yá ní 30% yẹn kan náà, éékà bíi 286 máa gbé e. Tó bá sì jẹ́ owó èlé 9% lẹ rí, irú èyí tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé jáde pẹ̀lú Anchor Borrowers, ètò ẹ̀yáwó àwọn àgbẹ̀, ní 2015, mílíọ̀nù 12 yẹn ò ní béèrè ju éékà 375 lọ. Ṣẹ́ ẹ rí i pé kì í ṣe gbèsè ló burú? Gbèsè tó ga ju éékà yín lọ ló burú.

Ó yá, ṣé ká wá máa sọ pé kí gbogbo èèyàn fi owó ọwọ́ rà á? Rárá o, èmi gan-an ti jìyà ẹ̀. Ìgbà tí mo ra tèmi, Ìbàdàn ni mo ti lọ gbé e, mo san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan, inú mi dùn pé n ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mo gbé e délé tán ni mo rántí pé plọ́ọ̀ nìkan ni mo rà, kò sí hárò, n ò sì ní owó mọ́. Oṣù karùn-ún, iṣẹ́ ti ń wọlé wìtìwìtì, ni ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti ibi háídírọ́líìkì, plọ́ọ̀ ò gbéra nílẹ̀ mọ́. Mẹkáníìkì dárúkọ iye tó fẹ́, mo wò ó lójú, mo wo katakata, mo jókòó. Katakata tèmi ń sùn lábẹ́ igi, mo wá ń fi owó tí mo yá lọ́wọ́ ìyàwó mi háyà katakata ẹlòmíì pé kó wá ro oko mi! (Àwọn onípíjìn ń pe wàhálà ní katakata, wọn ò kúkú purọ́.) Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ pé tẹ́ ẹ bá ní mílíọ̀nù 20, katakata mílíọ̀nù 15 lẹ lè rà, kí márùn-ún tó kù wà nílẹ̀ fún hárò, táyà, díísíkì tí òkúta máa ṣẹ́ àti dísù ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Dídúró kí owó pé náà léwu tiẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń tu owó katakata jọ ní 2023, ẹ bi wọ́n léèrè. Wọ́n sùn, wọ́n jí ní oṣù kẹfà, dọ́là kan tó jẹ́ 460 náírà àti díẹ̀ ti kọjá 700, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti ju 1,400 lọ, katakata tó jẹ́ pé òkè òkun ló ti ń wá sì bá a lọ. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá máa dúró, ẹ má jẹ́ kí owó yín jókòó ní báńkì, ẹ fi ra àgbàdo nígbà ìkórè kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ra plọ́ọ̀ àti hárò tó dáa sílẹ̀ torí irin kì í jẹrà. Ẹni tó ń jẹ gbèsè náírà ní irú àsìkò yẹn lè rí i pé owó iṣẹ́ éékà ń gòkè tí gbèsè òun ò sì yẹ̀, ó dùn, ṣùgbọ́n tí èlé bá dúró sójú kan ni o. Ẹ ka ìwé báńkì dáadáa, àwọn kan ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn lè yí èlé padà bí ọjà bá ṣe rí. Iye tí CBN fi ń darí èlé jẹ́ 18.5% ní oṣù karùn-ún 2023, ó ti di 27.5% ní oṣù kọkànlá 2024. Ẹ wo ohun tí ìyẹn máa ṣe fún ẹni tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tí mo máa ń bá wọn jà sí ní báńkì ni oṣooṣù. Ta ló sọ fún wọn pé àgbẹ̀ ń gbowó oṣù? Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ san èyí tó pọ̀ nígbà tí owó iṣẹ́ bá wọlé, kẹ́ ẹ san díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní owó oṣù mẹ́rin nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ má gbàgbé GSI, ètò CBN tí báńkì fi ń gba gbèsè, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2020, BVN yín ni wọ́n fi ń tọ yín, owó tí ẹ fi pamọ́ sí báńkì mìíràn, wọ́n lè fà á níbẹ̀. Òṣómàálò ayé àtijọ́ á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ lè gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Eléyìí, inú àkáǹtì ló lóṣòó sí.

Kòlátírà ńkọ́? Ilẹ̀ ẹbí tí kò ní ìwé kò ní jẹ́ wọn dá yín lóhùn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gba katakata gan-an fún ìdógò, òfin ọdún 2017 fàyè gba fífi ohun tó ṣeé gbé yáwó. Òfin yìí kan náà wúlò fún ẹni tó ń ra tòkúnbọ̀ lówó ọwọ́: ẹ mú nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní National Collateral Registry lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ẹnì kan ti fi jẹ gbèsè, kí báńkì má lọ wá a délé yín.

Tó bá jẹ́ èmi, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo máa kọ́kọ́ kàn sí, wọ́n sábà máa ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun tó wà nílẹ̀, èlé wọn kì í sì í gbẹ̀mí èèyàn. Ẹni mẹ́ta lè dara pọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ ìwé lórí oko ta la máa kọ́kọ́ ro lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, ìjà ibẹ̀ ju ìjà owó lọ.

Àbúrò mi Ìsẹ́yìn yẹn, éékà 80 ló ní. Mo ní kó háyà ní sáà yìí, kó ra ìwé kan, kó máa kọ éékà gbogbo ẹni tó bá bi í pé níbo lo ti rí katakata, kó sì kọ bóyá ẹni ọ̀hún sanwó lójú ẹsẹ̀. Ó pè mí lánàá, ó ti kọ éékà 140, ẹni márùn-ún péré ló sì ní kóun ṣì dúró de owó.