Bí Mazda RX-8 Yín Bá Ń Mu Epo Jù: Ọ̀nà Láti Wá Ìdí Rẹ̀

Kò sí ẹni tó ra Mazda RX-8 tí wọn kò ti kìlọ̀ fún pé ọkọ̀ náà fẹ́ràn epo. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ yìí náà ti ba ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì jẹ́, nítorí pé bí epo bá ti ń tètè tán ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ohun tí ẹni tó ni ọkọ̀ máa ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Yóò sì máa wà á lọ bẹ́ẹ̀ títí tí àìsàn tí kọ́ìlì mẹ́rin péré, àwọn tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, ìbá wò sàn yóò fi di àìsàn tó gba ẹ́ńjìnnì tuntun. Nínú RX-8, epo tó ń ṣòfò sábà máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́ tí a óò rí, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì tàbí kí ó kọ̀ láti gbéra. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń ya ìwà ẹ́ńjìnnì yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn rẹ̀. Nínú àlàyé yìí, bí mo bá sọ pé epo, epo pẹtiróòlù ni mo ní lọ́kàn. Èyí tí ń mú kí irin inú ẹ́ńjìnnì máa yọ̀ ni mo pè ní ọ́ìlì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ ìwà. Láti ọdún 2003 títí di 2012 ni Mazda fi ṣe RX-8 ní ilẹ̀ Japan, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sì fi sínú rẹ̀ ni wọ́n pè ní Renesis. Kò ní píìsìtìnì, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Rótọ̀ méjì onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀, ìyẹ̀wù kọ̀ọ̀kan sì ń gba 654 cc, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ fi di lítà 1.3 tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀. Lítà 1.3 yìí ló ń tan ènìyàn jẹ. Bí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì yìí bá yí lẹ́ẹ̀mejì, afẹ́fẹ́ tí ó fà sínú tó èyí tí ẹ́ńjìnnì onípíìsìtìnì tó jẹ́ lítà 2.6 yóò fà, nítorí náà kò bójú mu kí a máa fi mímu epo rẹ̀ wé ti ọkọ̀ kékeré. Yàtọ̀ sí èyí, ìyẹ̀wù tí epo ti ń jó gùn, ó sì tín-ín-rín. Irin tó yí i ká máa ń gba ooru lọ́wọ́ iná kí iná tó dé ìpẹ̀kun, díẹ̀ nínú epo yóò sì bá èéfín jáde láìjó. Kò sí àtúnṣe tí mẹkáníìkì lè ṣe sí ìyẹn.

Èló ni iye tó yẹ, nígbà náà? Ní Amẹ́ríkà, iye tí ìjọba kọ fún RX-8 onígíà ọwọ́ ni máìlì 16 sí gálọ́ọ̀nù kan láàárín ìlú, àti 22 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bí a bá yí i padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 15 fún kìlómítà 100 nínú ìlú, àti lítà 11 lójú ọ̀nà gígùn. Ní Yúróòpù, lítà 11.4 ni wọ́n kọ fún èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbi gálọ́ọ̀nù, nítorí pé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.55, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 3.79. Mo ti rí ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń yọ̀ pé ọkọ̀ òun ń ṣe máìlì 19, tó rò pé òun ti borí ti àwọn ará Amẹ́ríkà, nígbà tó jẹ́ pé máìlì 19 ti Lọ́ńdọ̀nù kò tó 16 ní Amẹ́ríkà. Lítà ni kí ẹ máa fi ṣe ìṣirò yín. Òun ni kò ní ẹ̀yà méjì.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wọn epo náà. Ẹ rọ epo kún títí tí ẹnu ẹ̀rọ yóò fi dá ara rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fi kún un mọ́, kí ẹ sì dá òǹkà ìrìn àjò padà sí òdo. Ẹ wa ọkọ̀ náà tó kìlómítà 300, ó kéré tán, kí ẹ padà sí ẹ̀rọ kan náà, kí ẹ sì rọ ọ́ kún bákan náà. Iye lítà tó wọlé ni kí ẹ pín pẹ̀lú iye kìlómítà tí ẹ rìn, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Lítà 42 fún kìlómítà 320 jẹ́ 13.1. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kì í sọ òótọ́ tán, ẹ má sì gbára lé abẹ́rẹ́ tó ń fi epo hàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù rárá. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú yín bá ti pààrọ̀ táyà tó bá a jáde, tí ó jẹ́ 225/45R18 lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, sí èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, òǹkà kìlómítà yóò máa ka ọ̀nà kúkúrú ju èyí tí ẹ rìn lọ, yóò sì dà bíi pé ọkọ̀ ń mu epo jù nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí ẹ ṣe ń lò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, epo tó pọ̀ ni ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, máa ń fún un kí ó lè jó dáadáa, nítorí náà ẹni tó ń wa RX-8 ní kìlómítà mẹ́ta péré lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní òwúrọ̀ ìgbà òtútù, tó sì tún wà á padà ní ìrọ̀lẹ́, kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrò nínú ipò yẹn láéláé. Ẹ fi odindi táńkì kan rin ọ̀nà gígùn. Bí ti ọ̀nà gígùn bá wà ní nǹkan bíi lítà 11 tàbí 12, tó sì jẹ́ pé ti ìlú nìkan ló burú, ọ̀nà tí ẹ ń gbà lò ó ni ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá fi lítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá iye tí mo kọ sókè yìí, èmi a gbà pé àìsàn wà, a ó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Àwọn ohun kéékèèké kò gba àkókò: ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà nígbà tó bá tutù kí ẹ fi wé iye tó wà lára ilẹ̀kùn, ẹ gbé ọkọ̀ sókè kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá bíréèkì ń há a, ẹ fi imú wá òórùn epo lábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì yọ fílítà afẹ́fẹ́ wò.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ ni kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì mẹ́rin àti púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni RX-8 ní, méjì fún rótọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nísàlẹ̀ tí ń kọ́kọ́ dáná, ìkejì lókè tí ń tẹ̀ lé e. Nínú ẹ́ńjìnnì onípíìsìtìnì tó ní púlọ́ọ̀gì kan fún sílíńdà kan, bí kọ́ìlì kan bá kú, gbogbo ọkọ̀ ni yóò mì, ẹni tó ń wà á kò sì ní nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, bí kọ́ìlì kan bá rẹ̀, èkejì rẹ̀ yóò máa gbìyànjú láti gbé iṣẹ́ náà, ọkọ̀ yóò ṣì máa sáré, epo nìkan ni yóò máa tètè tán. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé nígbà tí iná bá kọ̀ láti ràn nínú ìyẹ̀wù kan, epo àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò jọ bọ́ sínú páìpù èéfín. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ yóò rí afẹ́fẹ́ tí kò jó yẹn, yóò rò pé epo kò tó, yóò sì ròyìn bẹ́ẹ̀ fún ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn náà yóò sì tún fi epo kún epo. Gbogbo epo yìí yóò wá máa jó nínú kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù náà, yóò mú un gbóná títí tí inú rẹ̀ yóò fi yọ́, tí yóò sì dí.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń síkáànù ọkọ̀, ẹ wá àwọn kóòdù tó ń sọ pé iná kọ̀ láti ràn: P0300 tí kò tọ́ka sí rótọ̀ kan pàtó, P0301 tí í ṣe ti rótọ̀ iwájú, àti P0302 tí í ṣe ti ẹ̀yìn. Àìsí kóòdù kò fi hàn pé kọ́ìlì dára o. Bí iná ẹ́ńjìnnì inú dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń ṣẹ́jú, ẹ dẹ eré, kí ẹ má sì wà á lọ jìnnà. Nígbà tí ẹ bá ń tú púlọ́ọ̀gì, iṣẹ́ náà rọrùn bí a bá yọ táyà iwájú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n wà, tí a sì gbé ọkọ̀ lé sítáǹdì tó lágbára. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹ fi àmì sára wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yọ ọ́. NGK RE7C-L ni ti ìsàlẹ̀, RE9B-T ni ti òkè, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan sípò èkejì. Ní tèmi, bí kọ́ìlì bá ti lò tó kìlómítà 50,000, tí n kò sì mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, èmi kì í dúró de ẹ̀rí: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo máa ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì àti wáyà.

Ohun kejì tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fojú fò ni ooru ẹ́ńjìnnì. Bí tẹmosítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, bá há ní ṣíṣí, omi rẹdiétọ̀ yóò máa kọjá nígbà gbogbo, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, ọpọlọ ọkọ̀ yóò sì máa fún un ní epo bíi ti ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan. Abẹ́rẹ́ ooru inú dáṣíbọ́ọ̀dù kò ní sọ èyí fún yín, nítorí pé wọ́n ṣe é kí ó máa dúró sí àárín bí ooru tilẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ẹ̀rọ síkáànù ni kí ẹ fi wò ó. Lójú ọ̀nà gígùn, ooru omi yẹ kí ó wà ní nǹkan bíi 82 sí 95 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì; bí ó bá ń já sí 70 nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí i, tẹmosítáàtì ni. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tuntun lówó gọbọi nítorí kóòdù kan tó sọ pé epo ti pọ̀ jù, sẹ́ńsọ̀ náà kò sì yí ohunkóhun padà. Tẹmosítáàtì tí owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin ti sẹ́ńsọ̀ náà ló ń fa gbogbo rẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ síkáànù ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ka àtúnṣe epo, ìyẹn iye ìdá ọgọ́rùn-ún tí ọpọlọ ọkọ̀ ń fi kún epo tàbí tí ó ń yọ kúrò nínú rẹ̀, ní pàtàkì èyí tó jẹ́ ti ìgbà pípẹ́. Ẹ má ṣe yọ bátìrì kí ẹ tó kà á, nítorí pé yíyọ bátìrì máa ń pa á rẹ́. Láàárín 5 sókè àti 5 sísàlẹ̀, kò sí wàhálà. Bí ó bá ti ń kọjá 10 sókè, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, tàbí ibi tí páìpù èéfín ti lu ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, kí ẹ sì rántí ọ̀rọ̀ kọ́ìlì tí mo sọ. Sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ lè dọ̀tí. Oògùn tí wọ́n ṣe fún un nìkan ni kí ẹ fín sí i, kí ẹ má fi ọwọ́ tàbí aṣọ kan wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀. Bí ó bá kọjá 10 sísàlẹ̀, epo ń wọlé láti ibi tí kò yẹ: ẹ wo ijẹ́kítọ̀ (èyí tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì) tó ń jò, tàbí fáàfù tí ń kó gáàsì epo láti táńkì wá sínú ẹ́ńjìnnì tí ó ti há ní ṣíṣí.

Kátálíìsì tó dí máa ń mú kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i láìmọ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ọkọ̀ yóò máa lọ dáadáa ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n yóò kọ̀ láti gòkè dé ibi tí Renesis ti máa ń dùn jù, ìyẹn láti ìgbà 6,000 tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan lọ sókè. A lè tú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn iwájú kí a sì fi géèjì wọn agbára èéfín tó dí síbẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ti dí, ẹ má fi tuntun síbẹ̀ láìkọ́kọ́ tún kọ́ìlì ṣe, nítorí pé ohun tó pa ti àkọ́kọ́ yóò pa ti èkejì.

Bí gbogbo èyí bá dára tí epo ṣì ń ṣòfò, ẹ lọ wọn ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn bí ó ṣe lágbára tó láti fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Géèjì tí wọ́n ń lò fún ẹ́ńjìnnì onípíìsìtìnì kò wúlò tó, nítorí pé rótọ̀ kan ní ojú mẹ́ta, géèjì náà yóò sì fi èyí tó ga jù hàn, yóò bo èyí tó ti bàjẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wá ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ti rótọ̀, tí yóò ka ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí bátìrì kún. Nígbà tí sítátà bá ń yí i ní ìgbà 250 ní ìṣẹ́jú kan, 830 kPa (ìwọ̀n ìfúnpọ̀) ni ti ẹ́ńjìnnì tó dára, 680 sì ni èyí tó kéré jù tí Mazda gbà láyè. Ìyàtọ̀ láàárín ojú mẹ́ta rótọ̀ kan kò gbọdọ̀ ju 150 lọ, ti rótọ̀ méjèèjì kò sì gbọdọ̀ ju 100. Ẹ béèrè iye tí sítátà fi ń yí i kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé èsì, nítorí pé sítátà tó yára lè mú kí ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ dà bí alágbára. Bí ọkọ̀ yín bá ti ń nira láti tan nígbà tó bá gbóná, ìwọ̀n yìí ni kí ẹ fi ṣáájú gbogbo ohun tí mo ti kọ. Bí àwọn síìlì inú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rótọ̀, bá ti jẹ, kò sí oògùn inú ike tí yóò dá wọn padà. Ẹ́ńjìnnì ni a ó tú palẹ̀ láti ṣe.

Ohunkóhun tí ẹ bá tún ṣe, ẹ̀yọ kan ni kí ẹ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, yàtọ̀ sí kọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti wáyà tí wọ́n jọ ń rìn, kí ẹ sì wọn epo pẹ̀lú táńkì méjì lójú ọ̀nà kan náà àti ní ẹ̀rọ kan náà. Ẹ kọ iye tí ẹ rí sínú ìwé ọkọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye kìlómítà. Iye yẹn, èyí tí ọkọ̀ yín ṣe nígbà tí ara rẹ̀ dá, ni ẹ ó máa fi wé gbogbo táńkì tó bá tẹ̀ lé e.