Bí Mo Ṣe Fi Python Ṣẹ̀dá Ọ̀nà Ìkọ̀wé Tuntun fún Èdè Yorùbá

Kọ̀ǹpútà lè ya àmì tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́. Iṣẹ́ ni kí a ṣẹ́ wọn kù títí á fi ku kìkì èyí tí ojú lè dá mọ̀, tí ọwọ́ lè kọ, tó sì lè gbé ohùn èdè wa láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é nìyí, láti orí kíka ìró títí dé orí fọ́ǹtì tó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo lò ni Python 3, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ fontTools, shapely, numpy, scipy àti Pillow. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò lágbára púpọ̀ sì gbé wọn.

Ìró ni a kọ́kọ́ ń kà

Yorùbá ní kọ́ńsónáǹtì 18, gb sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, kì í ṣe méjì. Fáwẹ̀lì àìránmúpè jẹ́ 7. Ti àránmúpè ni ó gba àròjinlẹ̀: a ń kọ an, ẹn, in, ọn, un, ṣùgbọ́n an àti ọn ìró kan náà ni nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ẹ pe "tán", kí ẹ sì pe "pọ́n", ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn b, f, gb, p àti w ni a ti ń kọ ọn, an ló sì wà níbi yòókù. Nítorí náà mo fún àwọn méjèèjì ní lẹ́tà kan, àránmúpè wá di 4. Fáwẹ̀lì 11 nígbà ohùn 3 jẹ́ 33. Ẹ fi kọ́ńsónáǹtì 18 kún un, kí ẹ fi ti aránmúpè aṣesílébù, èyí tó ń dá dúró bíi sílébù, kún un (ń, ǹ àti ti ohùn àárín, 3), gbogbo rẹ̀ jẹ́ 54. Kò sí lẹ́tà ńlá àti kékeré.

Ìpinnu tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti kóòdù. Nínú àkọtọ́ ABD, orí lẹ́tà ni àmì ohùn ń wà, ẹni tó bá sì ń kánjú á fò ó. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn àti àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń jáde láìní ohùn kankan. Mo fẹ́ kí ohùn wà nínú lẹ́tà fúnra rẹ̀, kó má ṣeé yọ. Mo wá ní kí fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó nàró láti 0 dé 700 (fọ́ǹtì náà wà lórí ìwọ̀n 1000), kí ara fáwẹ̀lì sì rọ̀ mọ́ apá ọ̀tún òpó náà. Bí ara náà bá wà láàárín 440 sí 700, ohùn òkè ni. Bó bá wà láàárín 220 sí 480, àárín ni. 0 sí 260 ni ìsàlẹ̀. Àránmúpè ní òpó méjì tí àlàfo 70 wà láàárín wọn.

Ìdí tí òpó fi pọn dandan ni àwọn ọ̀rọ̀ bí "ó", "o" àti "ò". Bí fáwẹ̀lì bá dá dúró láìní ohun tí ojú lè fi wọn gíga rẹ̀, òǹkàwé kò lè mọ̀ bóyá òkè ni ó wà tàbí ìsàlẹ̀. Òpó náà ní fífẹ̀ 50. Ní ìwọ̀n píksẹ́lì 16 (píksẹ́lì ni ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán ojú kọ̀ǹpútà), ìyẹn jẹ́ 0.8 píksẹ́lì, ìyàtọ̀ láàárín ohùn kan àti èkejì sì jẹ́ 3.5. Tí a bá sọ òpó di 30, á parẹ́ lójú fóònù.

Yíya ìrísí

Fún kọ́ńsónáǹtì, mo lo àwọ̀n kókó mẹ́sàn-án, 3 nígbà 3. Òpó kókó wà ní x = 80, 280, 480; ìlà kókó wà ní y = 0, 350, 700. Ìlà kúkúrú tó lè so kókó kan mọ́ èyí tó múlé gbè é jẹ́ 20: 6 ní ìbú, 6 ní òòró, 8 ní ìdábùú. Bí a bá ń mú 3, 4 tàbí 5 nínú wọn lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń jẹ́ 1,140 àti 4,845 àti 15,504, àpapọ̀ 21,489. Ìlà kan nínú `itertools.combinations` ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ti ara fáwẹ̀lì kéré sí i: kókó 2 nígbà 3, ìlà 11, a sì ń mú 2 tàbí 3, gbogbo rẹ̀ 220.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo ẹ̀rọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe dájúdájú. Ní 2015, David Ha fi àwọn ìlà kálàmù inú KanjiVG, àkójọ bí a ṣe ń kọ kanji (irú lẹ́tà kan tí àwọn ará Japan ń lò), kọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì ń hu kanji tí kò sí níbikíbi, tí ojú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé òótọ́ ni. Lọ́dún kan náà ni Lake, Salakhutdinov àti Tenenbaum gbé iṣẹ́ wọn lórí Omniglot, àkójọ lẹ́tà àfọwọ́kọ, jáde: lẹ́tà 1,623 láti inú ìkọ̀wé 50, èèyàn 20 ló sì ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń wá ìkọ̀wé fún fíìmù tàbí eré kọ̀ǹpútà, ọ̀nà yẹn ni kó gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni bí lẹ́tà ṣe máa ń rí. Kò sí ohun tó sọ fún un pé lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ jọ èkejì, ohun tí ìkọ̀wé tí a fẹ́ kà sì nílò gan-an nìyẹn.

Sísẹ́ wọn

Ibi tí àkókò lọ sí nìyí.

Àkọ́kọ́, mo fi shapely sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di ara tó ní fífẹ̀ 70, `LineString(i).buffer(35, quad_segs=6)`, mo wá fi `unary_union` so wọn pọ̀. Bí èsì bá jẹ́ `MultiPolygon`, ìrísí náà já sí méjì, mo jù ú nù. Ẹ fi etí ìlà náà sílẹ̀ ní róbótó. Bí ẹ bá lo `cap_style="flat"`, ìlà kọ̀ọ̀kan á gé ṣánṣán lórí kókó rẹ̀, gbogbo igun lẹ́tà á sì ní ègé kékeré tó sọnù.

Èkejì ni ihò. Ihò onígun mẹ́ta tí ìlà mẹ́ta bá dì pọ̀ kéré gan-an, ní píksẹ́lì 14 ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju píksẹ́lì kan lọ, yóò sì dí. Mo ju gbogbo ìrísí tí ìwọ̀n ihò rẹ̀ kò tó 15,000 nù. Ihò onígun mẹ́rin jẹ́ 36,400, ó yege. Fún ara fáwẹ̀lì, mi ò gba ihò kankan, mo sì béèrè pé kí ó kan òpó kókó apá òsì, kó lè rọ̀ mọ́ òpó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kí ọwọ́ lè kọ ọ́ láìgbé kálàmù sókè. Òfin rẹ̀ rọrùn: ẹ ka iye ìlà tó dé orí kókó kọ̀ọ̀kan. Bí kókó tí iye rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba bá ju 2 lọ, ọwọ́ gbọ́dọ̀ gbé kálàmù.

```
def kalamu(ila):
    iye = Counter(p for i in ila for p in i)
    return sum(n % 2 for n in iye.values()) <= 2
```

Àyẹ̀wò kékeré yìí pa púpọ̀ nínú wọn. T, F àti Y kú síbẹ̀. L, P, U, C, S àti 7 là á já, wọ́n sì léwu, torí ojú ẹni tó ti mọ ABD á kà wọ́n bí ABD. Mo ya àwọn lẹ́tà ńlá ABD àti nọ́ńbà 0 sí 9, mo sì ní kí kóòdù ju ohunkóhun tó bá sún mọ́ wọn jù nù.

Báwo ni a ṣe ń wọn sísúnmọ́? Mo ya ìrísí kọ̀ọ̀kan sínú àwòrán 48 nígbà 48, mo fi `GaussianBlur(2)` mú kí ó ṣú díẹ̀, mo wá pín àpapọ̀ ibi tí àwòrán méjì ti pàdé fún àpapọ̀ ibi tí wọ́n gbà lápapọ̀. Mo yọ èsì náà kúrò nínú 1. 0 túmọ̀ sí pé ọ̀kan náà ni wọ́n, 1 pé wọn kò pàdé rárá. Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀. Ìrísí tó wà lápá òsì àwọ̀n àti ìrísí kan náà gẹ́lẹ́ lápá ọ̀tún máa ń jìnnà sí ara wọn lójú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni lójú èèyàn. Ẹ sún àwòrán kọ̀ọ̀kan kí àárín gbùngbùn rẹ̀ bọ́ sí àárín kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ sì wọ̀n ọ́n mọ́ òjìji rẹ̀ inú dígí pẹ̀lú, torí b àti d ló ń da ọmọ kékeré láàmú nínú ABD. Èyí tí kò bá tó 0.35 sí òjìji èyí tí mo ti yàn, mi ò mú un.

Lẹ́yìn náà ni yíyàn: mo mú ìrísí kan, mo wá èyí tó jìnnà sí i jù, mo wá èyí tó jìnnà jù sí àwọn méjèèjì, títí ó fi pé 18. Mo wá dán wọn wò bí ẹni pé ọwọ́ ló kọ wọ́n: fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí kóòdù sún kókó rẹ̀ káàkiri pẹ̀lú `numpy.random.normal`, ìwọ̀n 40, kó ya ẹ̀dà 200, kó sì béèrè pé lẹ́tà wo ni ẹ̀dà yẹn jọ jù. Lẹ́tà tí ẹ̀dà rẹ̀ tó ju 10 lọ bá ṣìnà nínú 200 kò yẹ ní lílò. A yọ ọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á wọlé.

Ta ló gba èwo

Hangul tí Ọba Sejong ti Kòríà ṣe ní 1443 ń fi ìrísí hàn bí ẹnu ṣe ń pe ìró, ìró tó jọra sì ní lẹ́tà tó jọra. Ó lẹ́wà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un púpọ̀. Síbẹ̀ òdìkejì ni mo yàn: k àti g, t àti d, s àti ṣ, p àti gb ni mo fẹ́ kí lẹ́tà wọn yàtọ̀ síra jù, torí níbẹ̀ ni ìṣìkà ti máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Mo fún ìró méjì-méjì ní máàkì 0 sí 3: ọ̀kan fún ibi ìsẹ́nupè, ọ̀kan fún ọ̀nà ìsẹ́nupè, ọ̀kan fún ipò tán-án-ná. k àti g gba 2. Mo kó wọn sí àtẹ 18 nígbà 18, mo kó ìjọra ìrísí sí àtẹ kejì, `scipy.optimize.quadratic_assignment` pẹ̀lú `method="2opt"` sì pín lẹ́tà náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mélòó kan pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ tó yàtọ̀, kí ẹ mú èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ kéré jù.

Fọ́ǹtì

`FontBuilder(1000, isTTF=True)` inú fontTools ló ń kọ́ ọ. `.notdef`, àmì tó ń dúró fún lẹ́tà tí kò sí nínú fọ́ǹtì, gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Lẹ́tà 54 bọ́ sí U+E000 títí dé U+E035, apá tí Unicode (àtẹ àgbáyé tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà) fi sílẹ̀ fún ìlò ẹnikẹ́ni. Kọ́ńsónáǹtì ní fífẹ̀ 560, fáwẹ̀lì 360, àránmúpè 480.

Ohun mẹ́ta ló máa ń bàjẹ́ níbí. Bí ihò inú lẹ́tà bá dí pátá, ìyípo ìlà ló fà á: etí ìta gbọ́dọ̀ yí bí aago ṣe ń yí, ihò á sì yí padà sódì. `orient(p, sign=-1.0)` inú shapely ń tún un ṣe, ẹ sì rántí láti ya `p.interiors` náà. Bí lẹ́tà bá sún sọ́tùn-ún tàbí sósì láìnídìí, `lsb` rẹ̀ (àlàfo apá òsì) kò bá `xMin` (etí òsì ìrísí náà) mu. Ẹ mú `xMin` láti inú tábìlì `glyf`, ẹ má fi orí rò ó. Bí Windows bá sì gé orí lẹ́tà, ẹ kò fi iye sí `usWinAscent` àti `usWinDescent`. Mo fi 850 àti 150 sí wọn.

Láti ABD sí lẹ́tà tuntun

Láti kọ ẹ́, ẹnì kan á tẹ ẹ kó tó fi ohùn sí i, ẹlòmíì á tẹ é kó tó fi àmì sísàlẹ̀. Bákan náà ni lójú, ọ̀tọ̀ ni nínú fáìlì. `unicodedata.normalize("NFD", t.lower())` ń tò wọ́n: e, lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀ U+0323, lẹ́yìn náà ohùn. Àwọn kan ń lo U+0329, ìlà kékeré olóòró, dípò U+0323. Ẹ fi `replace` sọ wọ́n di ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ wọn á di e. Fáwẹ̀lì wá jẹ́:

```
[aeiou]\u0323?[\u0300\u0301\u0304]?(?:n(?![aeiou\u0300\u0301\u0304]))?
```

Apá ìkẹyìn yẹn ló mọ̀ pé n inú "dán" jẹ́ àránmúpè, ti inú "ọ̀nà" jẹ́ kọ́ńsónáǹtì, ti inú "kọ̀ǹpútà" sì jẹ́ sílébù tó dá dúró torí ó gbé ohùn. Ẹni tó bá kọ "onkọwe" láìní ohùn, kóòdù á kà á sí on, kò sì sí oògùn rẹ̀ ju kí a kọ ohùn lọ. gb gbọ́dọ̀ ṣíwájú g àti b.

Ẹ fi igba, igbá, ìgbà, ìgbá àti igbà dán an wò. Lẹ́tà gb kan náà ló wà láàárín gbogbo wọn. Nínú "igba", i àti a jọ dúró ní àárín òpó. Nínú "igbá", a gun òkè. Nínú "ìgbà", méjèèjì wà nílẹ̀. Nínú "ìgbá", i wà nílẹ̀, a wà lókè. Nínú "igbà", i dúró láàárín, a sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún, ojú márùn-ún, kò sì sí àmì kankan tí ẹnikẹ́ni lè gbàgbé láti fi sí i.

Ohun tó kù ni pé fóònù ẹlòmíì kò mọ lẹ́tà wọ̀nyí. Lórí WhatsApp, àpótí òfìfo ni wọ́n á rí. Ẹ fi àwòrán tàbí PDF ránṣẹ́, tàbí kí ẹ gbé fọ́ǹtì náà sórí ojúlé yín ní `woff2`, irú fáìlì fọ́ǹtì tí ojúlé ń lò (ẹ nílò irinṣẹ́ `brotli`). Àyè nínú Unicode gan-an kì í yá: ìkọ̀wé Vai tí Momolu Duwalu Bukele bẹ̀rẹ̀ ní Liberia ní nǹkan bí 1833 wọlé ní 2008, N'Ko tí Solomana Kanté ṣe ní 1949 wọlé ní 2006, Adlam tí Ibrahima àti Abdoulaye Barry ṣe ní Guinea ní 1989 wọlé ní 2016. Àwọn èèyàn tó ń fi wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn, tó ń fi wọ́n kọ́ ọmọ, ló gbé wọn débẹ̀. Yorùbá náà ti ní irú rẹ̀ tí a fi ọwọ́ ṣe, èyí tí Tolúlàṣẹ Ògúntósìn ti orílẹ̀-èdè Benin gbé kalẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ kọ́kọ́ wò ó.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi fọ́ǹtì yín kọ nǹkan, ẹ má yí nọ́ńbà lẹ́tà kankan padà mọ́. Ẹ lè tún ìrísí rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó wà ní U+E007 gbọ́dọ̀ máa jẹ́ ìró kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo fáìlì àtijọ́ á di ọ̀rọ̀ mìíràn. Lẹ́tà tuntun bẹ̀rẹ̀ láti U+E036.