Bẹ́ ẹ ṣe máa dán lẹ́ǹsì wide tuntun wò kó tó dé òde ìyàwó

Ẹ̀yin ará mi onífótò, mo mọ bó ṣe máa ń rí tí lẹ́ǹsì wide tuntun, èyí tó ń kó ibi tó fẹ̀ sínú fótò, bá wọlé, ara máa ń yá èèyàn láti gbé e jáde, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òde ìyàwó lẹ ti máa kọ́kọ́ lò ó. Èmi ṣe é rí. 24mm f/1.4 ni mo rà (24mm ló ń sọ bí ibi tó ń kó sínú fótò ṣe fẹ̀ tó, f/1.4 ló ń sọ bí ojú ẹ̀ ṣe lè ṣí tó, bí nọ́ńbà f bá sì ṣe kéré tó ni ojú ẹ̀ ṣe ń ṣí tó), Sátidé ni mo gbé e kọ́ kámẹ́rà, àfìgbà tí mo délé tí mo ṣí fótò ẹbí lórí látọ́ọ̀pù, mo rí i pé gbogbo àwọn tó wà lọ́wọ́ òsì mọ́ kedere, tọwọ́ ọ̀tún wá ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an sì ni ìyá ìyàwó wà. Ó dùn mí dọ́kàn.

Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ọjọ́ mélòó lẹ lè fi dá a padà, inú ọjọ́ yẹn lẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ wá ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn ò tíì rẹ́, fẹ́ńsì ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ dáa gan-an. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró, kó kọjú sí ògiri gbọnrangandan, ẹ fi ISO, ìyẹn nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa ń gbé sókè tí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó, sí 100, ẹ fi timer sí i kọ́wọ́ yín má bàa mì ín. Ẹ yà á ní f/1.4, f/2, f/2.8, f/5.6. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 100%, kẹ́ ẹ máa fojú tẹ̀ lé ìlà sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí gbogbo igun bá ṣókùnkùn díẹ̀, tí wọn ò sì mú ṣáṣá ní f/1.4, kò sí wàhálà, bí irú lẹ́ǹsì yìí ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tó bá fi máa dé f/2.8 púpọ̀ nínú ẹ̀ á ti lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan péré ló ń ṣe bàìbàì, ó ṣeé ṣe kí dígí kan nínú ẹ̀ má jókòó dáadáa. Ẹ tún fókọ́ọ̀sì ṣe, ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí kámẹ́rà tó dagun náà lè fa irú ẹ̀. Tó bá ṣì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà, ẹ dá a padà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ̀rọ̀ dídùn tàn yín.

Ẹ wá dúró dalẹ́. Torí òru la ṣe náwó, f/1.4 ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin ohun tí f/2.8 ń gbà, ibi tí tọ̀hún bá ti ń bèèrè ISO 6400, 1600 á tó èyí. Ẹ fi gílóòbù iná títì kan sí igun fótò, ní f/1.4 ẹ lè rí i kó hu ìyẹ́ méjì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò, coma ni wọ́n ń pè é. Ẹ máa gbé nọ́ńbà f sókè díẹ̀díẹ̀, ibi tí ìyẹ́ yẹn bá ti ká, ẹ kọ nọ́ńbà f ẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná ládùúgbò tójú ọ̀run sì mọ́, ìràwọ̀ á tún fi hàn yín dáadáa.

Ó wá ku èèyàn. Ẹ bẹ ẹnì kan nílé kó wé gèlè, ẹ yà á láàárín, kẹ́ ẹ tún yà á létí fótò. Ẹ máa rí i tí orí ẹ̀ á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí gèlè á dà bí ìgbà tẹ́nì kan ń fà á. Kò sí lẹ́ǹsì wide tí kì í ṣe é, kẹ́ ẹ ṣáà mọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àti pé tẹ́ ẹ bá dúró ní mítà kan sí èèyàn ní f/1.4, ibi tó máa mọ́ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, torí náà tí ẹbí bá tò ní ìlà méjì, ẹ fẹ̀yìn rìn díẹ̀, ẹ lọ sí f/4, kẹ́ ẹ sì fi ìyá tí gèlè wọn tóbi jù sáàárín.