Ṣòkòtò Àgbàbọ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Wíwá Àṣà Iṣẹ́ Tó Bá Ẹni Mu

Odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n wá àṣìṣe inú rẹ̀ jáde. Wọ́n ti sọ ọ́ sí mi létí títí pé kò sí ẹni tó rí ṣe láyé tó ń sùn kọjá aago márùn-ún, mo sì gbà. Mo ra aago ìdágìrì, mo gbé e sójú fèrèsé, níbi tí ọwọ́ mi kò ti lè tó o láti orí ibùsùn. Ó ń dún, mo sì ń dìde. Àmọ́ bí mo bá ti jókòó, ìlà kan ṣoṣo ni màá kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó wọ̀ mí lórí. Bí wọ́n bá tẹ "tí tí" níbi tó yẹ kó jẹ́ "tí" kan péré, ojú mi á kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò dá ojú ìwé mẹ́wàá padà sí mi. Àṣìṣe mẹ́rìnlá ló fa ìlà pupa sí nídìí, bẹ́ẹ̀ èmi kì í fo mẹ́rìnlá nínú odidi ìwé. Mo wo aago tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan: ìdájí ni mo ka gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni ojú mi là.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní làákàyè, tó fẹ́ràn iṣẹ́ wọn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀lẹ torí pé àṣà tí wọ́n gbà bọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì kò bá wọn lára mu. Ó máa ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ àwọn àṣìṣe tí èmi fúnra mi ti ṣe, àtàwọn tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì, kí ẹ lè yà fún wọn.

Ẹ má ṣe yá aago ẹlòmíì lò láì béèrè ìdí rẹ̀

Èyí ni baba gbogbo wọn. A gbọ́ pé gbajúmọ̀ kan ń jí láago márùn-ún, a gbé aago márùn-ún, a fi ìdí tó fi ń jí sílẹ̀. Ẹ wo Toni Morrison, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló máa ń kọ̀wé. Kí ló dé? Òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé ọmọ kéékèèké wà lọ́wọ́ òun nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀, àfi kí òun lo àkókò yẹn kí wọ́n tó jí. Nígbà tó yá ló wá rí i pé àárọ̀ gan-an ni orí òun máa ń pé jù, pé bí oòrùn bá ti wọ̀, ọpọlọ òun kì í fi bẹ́ẹ̀ já fáfá mọ́. Ọ̀ranyàn ló kọ́kọ́ gbé e débẹ̀. Nígbà tó yẹ ara rẹ̀ wò ló tó dúró síbẹ̀.

Franz Kafka, òǹkọ̀wé tó gbé ní ìlú Prague, ńkọ́? Iléeṣẹ́ adójútòfò ló ń ṣiṣẹ́ sí lójú mọmọ, òru ló fi ń kọ̀wé. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 1912, ó jókòó láago mẹ́wàá, kò dìde títí di aago mẹ́fà àárọ̀, odidi ìtàn kan ló kọ parí ní ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹnìkan bá ní kí àwọn méjèèjì pààrọ̀ aago, ìyà ni ì bá fi jẹ wọ́n. Kódà Benjamin Franklin, ọ̀kan lára àwọn tó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀, tí ètò ojúmọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láago márùn-ún ṣì ń kiri títí dòní, jẹ́wọ́ nínú ìtàn ìgbésí ayé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ pé nínú gbogbo ìwà rere tí òun fẹ́ kọ́, wíwà létòlétò ló fún òun ní wàhálà jù. À ń da ètò rẹ̀ kọ, a kì í fi ìjẹ́wọ́ rẹ̀ kún un.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfaradà nìkan. Aago wà nínú ara ẹ̀dá. Ní 2017, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwádìí tí wọ́n ṣe lára eṣinṣin kéékèèké, tó fi bí aago yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Aago kálukú kò dọ́gba, ti ẹnìkan náà pàápàá kì í dúró sójú kan. Nígbà ọ̀dọ́, oorun kì í tètè dé, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè dá lójú. Tí èèyàn bá ti tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí kí ẹ tó pe ọmọ ọdún 18 ní ọ̀lẹ torí pé kò lè dìde láàárọ̀.

Kí wá ni kéèyàn ṣe? Kó wo ara rẹ̀ kó tó yan. Ìwé kékeré kan ni mo mú, mo fa ìlà sí i, mo pín in sọ́nà mẹ́rin: aago tí mo bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo ṣe, iye ojú ìwé tí mo kà, àti iye àṣìṣe tí mo ṣì bá níbẹ̀ nígbà tí mo padà ka ojú ìwé kan náà lọ́jọ́ kejì. Ìkẹrin yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí iye ojú ìwé máa ń tan ni jẹ. Èèyàn lè ka ogún ojú ìwé kó má rí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń kọ ọ́, mi ò sì yí ohunkóhun padà nínú bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo tẹ́ ẹ síwájú mi. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, ìkẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ní ìdájí, ó kún bámúbámú. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ lọ, mo lè dáhùn lẹ́tà, mo lè to fáìlì, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan iwé kíkà rárá. Kò sí ẹni tó lè jókòó sí òkèèrè kó sọ èyí fún mi.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín kò jẹ́ kí ẹ yan aago, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ẹni tí wọ́n ní kó dé láago mẹ́jọ ṣì lè yan ohun tó máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sán lorí rẹ̀ máa ń pé, kó fi àárọ̀ ṣe iṣẹ́ tí kò gba ìrònú, kó má lo wákàtí rẹ̀ tó dára jù fún kíka ìfiránṣẹ́ orí fóònù.

Ọjọ́ 21 kì í ṣe òfin

Ẹ ti gbọ́ ọ pé ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń di bárakú. Ibi tó ti wá rèé. Ní 1960, Maxwell Maltz, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ń fi iṣẹ́ abẹ tún ojú èèyàn ṣe, kọ ọ́ sínú ìwé kan pé, ó kéré tán, ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ojú tuntun tó mọ́ àwọn tí òun tọ́jú lára. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu, "ó kéré tán" já sọ́nà, "ojú tuntun" náà já sọ́nà, òfin ló délé.

Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London ló wá wò ó fínnífínní. Wọ́n ní kí èèyàn 96 yan nǹkan kan tí wọ́n á máa ṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Iye ọjọ́ tó gbà kí ó tó mọ́ wọn lára, èyí tó bọ́ sí àárín, jẹ́ 66. Ti ẹlòmíì jẹ́ 18, ìṣirò sì gbé ti ẹlòmíì dé 254. Omi mímu àti nǹkan bẹ́ẹ̀ tètè mọ́ wọn lára ju eré ìmárale lọ. Ẹ wo bí 18 ṣe jìnnà sí 254 tó! Ẹni tó bá wà lọ́nà 254, tó wá ń fi 21 díwọ̀n ara rẹ̀, ó di dandan kó rò pé nǹkan ń ṣe òun.

Nínú ìwádìí kan náà, ẹni tó fo ọjọ́ kan kò ba ohun tó ti ń mọ́ ọn lára jẹ́. Ká ní mo ti mọ̀ ni! Mo ní kàlẹ́ńdà kan lára ògiri nígbà kan, tí mo máa ń fi bírò pupa sàmì sí lójoojúmọ́ tí mo bá ti kọ ojú ìwé kan. Àmì mọ́kàndínlógún tò tẹ̀ léra. Lọ́jọ́ ogún, ibà dá mi gúnlẹ̀. Nígbà tí ara mi yá, àlàfo yẹn ni mo ń wò, mi ò wo mọ́kàndínlógún tó wà níwájú rẹ̀. Mo yọ kàlẹ́ńdà náà kúrò lára ògiri, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mi ò fi kọ nǹkan kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fo ọjọ́ kan, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sàmì sí ti ọjọ́ kejì.

Ẹ má ṣe fi ohun tó wù yín díwọ̀n àkókò

Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fún àléébù yìí lórúkọ: a máa ń fojú kéré àkókò tí iṣẹ́ wa máa gbà, kódà nígbà tí a ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí. Ní 1994, Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn pé ọjọ́ mélòó ló kù kí wọ́n parí. Tí a bá kó ìdáhùn wọn pọ̀ tí a pín in, ọjọ́ 33.9 ni. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n rò ó pé gbogbo nǹkan dojú rú, wọ́n ní 48.6. Ọjọ́ 55.5 ló gbà wọ́n. Ìrònú ibi tó burú jù pàápàá kò tó o.

Ìwé kékeré yẹn tún wúlò níbí. Bí ìwé tó gbẹ̀yìn bá gbà mí lọ́jọ́ mọ́kànlá, mọ́kànlá ni màá sọ fún ẹni tó gbé tuntun wá, bó ti wù kí ọkàn mi máa sọ pé méje á tó. Ètò ojúmọ́ tí a kó iṣẹ́ mẹ́wàá sí, tí ọwọ́ wa ò sì ká ju mẹ́rin lọ, ìbànújẹ́ ló ń gbé wá bá wa lálaalẹ́.

Àwọn kéékèèké tó kù

Francesco Cirillo, ará Ítálì, wà ní yunifásítì ní òpin àwọn ọdún 1980 nígbà tó fi aago kékeré kan tó rí bíi tòmátì ká ara rẹ̀ mọ́ ìdí ìwé. Láti ibẹ̀ ni àṣà pé kéèyàn ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 25, kó sinmi díẹ̀, kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ti wá. Ó dára, ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú 25, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ ni. Ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n jí mi lójú oorun. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ló bá mi mu. Ẹ dán an wò, kí ẹ yí nọ́ńbà náà títí á fi jókòó.

Ẹ má máa ti áàpù kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń to àwọ̀ àti àkòrí sínú áàpù tuntun, iṣẹ́ kankan kì í lọ níbẹ̀.

Ẹ má sì ṣe kó àṣà márùn-ún pọ̀ lọ́jọ́ Ajé kan ṣoṣo. Ẹyọ kan, kí ẹ so ó mọ́ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé ní 1999 pé ẹni tó bá pinnu báyìí pé "bí tibí bá ṣẹlẹ̀, tọ̀hún ni màá ṣe" máa ń mú ìpinnu rẹ̀ ṣẹ ju ẹni tó kàn ní ó wu òun láti ṣe é. Tèmi ni: bí mo bá ti jókòó sídìí tábìlì, fóònù á wọ inú dúrọ́ọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó bá yín mu lónìí lè má bá yín mu lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ọmọ tuntun bá dé, tí iṣẹ́ bá yí padà, tàbí tí ara kò bá le bíi tàná mọ́, ẹ tún ìwé kékeré yẹn mú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, aago mẹ́wàá mi ti sún padà sí mẹ́sàn-án.

Aago ìdágìrì tí mo rà ti wà lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin báyìí. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ṣì ń dún. Ó ní kó tó dún, òun máa ń ti jókòó sídìí iṣẹ́, tí ojú òun á ti dá ṣáká.