Tí lẹ́tà owó orí bá dé, ẹ má fi pamọ́
Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó gbàgbé: tí ọ́fíìsì owó orí bá kọ̀wé pé ẹ jẹ gbèsè, ẹ má jù ú sínú dúrọ́ọ̀. (Èmi náà ti ṣe é rí.) Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí àtìgbà yẹn ni wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ní láti ta kò ó. Tó bá kọjá, ẹjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ jàre lè di gbèsè yín.

Tí owó náà bá pọ̀, ẹ wá akáǹtáǹtì tàbí lọ́yà tó mọ̀ nípa owó orí, kẹ́ ẹ sì fúnra yín wádìí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó bá ní "mo mọ èèyàn níbẹ̀", ẹ sá fún un. Èyí tó ní kẹ́ ẹ san owó ìjọba sínú àkáǹtì òun ńkọ́? Olè ni, kò lórúkọ míì. Ẹ má sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù òfìfo.

Bí ò bá tiẹ̀ sówó lọ́wọ́, ẹ fi fọ́ọ̀mù owó orí ọdún tọ́rọ̀ kàn, èyí tẹ́ ẹ fi ń sọ iye tó wọlé fún yín, ránṣẹ́ lásìkò. Ìtanràn àìfiránṣẹ́ sábà máa ń yàtọ̀ sí ti àìsanwó. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tẹ́ ẹ gbà bá yín bẹ̀bẹ̀ kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀.