Ẹ má fowó ra ìrírí iṣẹ́ ní Ìlú Ọba: ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ Òṣogbo tó ń wá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà níbí, tó fi dá yín lójú pé iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, tó tún ní òun á bá yín kọ CV tí ìrírí ọdún mẹ́rin wà nínú rẹ̀, ẹ sá fún un. Mo fẹ́ kí ẹ mú ìyẹn dání kí ẹ tó ka ìyókù.

Àwọn ohun tó kù kò le. Bí ẹ bá ti ríbi dé sí, ẹ gba káàdì ilé ìkàwé àdúgbò yín. Ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì sì máa ń wà níbẹ̀. OpenLearn ti Open University, Microsoft Learn àti freeCodeCamp kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà ní England lè pe National Careers Service sórí 0800 100 900, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. UK ENIC ló máa ń kọ ìwé pé dìgírí tí ẹ gbà nílé bá èwo dọ́gba níbí. Ìyẹn ní owó tirẹ̀. Ìjọba tún ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Skills Bootcamps ní England fún ẹni ọdún 19 sókè, kì í ju ọ̀sẹ̀ 16 lọ. Ẹ ka òfin físà àti ibùgbé wọn dáadáa kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé ìjọba alára, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n ṣèlérí fún ẹni tó bá parí rẹ̀, wọn ò ṣèlérí iṣẹ́. Ta wá ni ẹni tó ń kọ́ yín lórí Zoom tó ń ṣèlérí iṣẹ́ fún yín?

Ọmọ ìlú wa kan ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ọmọ Òkè-Fìà ni, ara àwọn tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì láyé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ ìkàwé tí ìjọba Ọ̀ṣun pín fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ẹ̀rọ kò ṣàjèjì sí i. Ó wá kàwé, ó gba físà Graduate, èyí tó ń jẹ́ kí ẹni tó kàwé tán dúró ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ọjọ́ orí físà náà sì ń tán lọ. Láti oṣù keje ọdún 2025, owó tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san kí wọ́n tó lè gba físà Skilled Worker fún ènìyàn ti di 41,700 pọ́n-ùn lọ́dún. Ẹni tí ọjọ́ ń lé báyìí, ìlérí kékeré ti tó láti mú un. Ó rí ìpolówó nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ Yorùbá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń pàdé lórí Zoom. Wọ́n á gbàdúrà, olùkọ́ á kí wọn ní Yorùbá, á ní ọmọ ilé kan náà ni wá, a ò ní jẹ́ kí ìyà jẹ yín. Ó san 1,800 pọ́n-ùn. Apá kan nínú owó náà wá láti Òṣogbo, àjọ tí ìyá rẹ̀ kó, ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà-Ọba.

Ó gbé CV náà wá fún mi kí n bá òun wò ó. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ọdún 2020 ló ti ń ṣiṣẹ́ business analyst ní báńkì kan ní London. Lọ́dún 2020, Òṣogbo ló wà, ní Ìgbọ̀nà, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe. Iṣẹ́ fóònù yẹn gan-an ni wọ́n yọ kúrò kí irọ́ lè ráyè jókòó! Ẹni tó mọ bí a ti ń bá oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀, tó mọ bí a ti ń wá àbùkù inú ẹ̀rọ títí tá a fi rí i, iṣẹ́ gidi ni onítọ̀hún ti ṣe, ilé iṣẹ́ tó ń gba ènìyàn sídìí ìrànlọ́wọ́ kọ̀ǹpútà sì lè kà á sí. Nọ́ńbà ọ̀gá báńkì tí wọ́n kọ pé yóò jẹ́rìí rẹ̀, nọ́ńbà olùkọ́ náà ni. Mo béèrè ìdí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ló ń ṣe é."

Wọ́n gbà á síṣẹ́ lóòótọ́. Ìwé dé. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìtàn ènìyàn wò ní kó fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC ránṣẹ́. Ẹ fetí sílẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ sí kòtò. HMRC ni àjọ owó orí. Gbogbo agbanisíṣẹ́ tó bá ń san owó fún yín ní ọ̀nà tó bófin mu ń fi orúkọ yín àti iye owó náà ránṣẹ́ sí wọn, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣí i wò lórí fóònù yín. Báńkì tí ẹ ò ṣiṣẹ́ fún kò lè yọjú níbẹ̀. Ohun tó yọjú fún àbúrò wa ni ilé ìkẹ́rù tó ti ń ṣiṣẹ́ òru láti ìgbà tó dé. Wọ́n gba ìwé iṣẹ́ náà padà. Nígbà tó béèrè nínú ẹgbẹ́ pé báwo ló ṣe jẹ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé irọ́ kékeré ni, ẹ gbọ́. Òfin Fraud Act ti 2006 ka irọ́ tí ènìyàn fi wá owó sí ọ̀ràn. Jon Andrewes, ọmọ Ìlú Ọba fúnra rẹ̀, purọ́ nípa ìwé ẹ̀rí àti ìrírí rẹ̀, ó fi di ọ̀gá ilé ìtọ́jú kan ní 2004. Ní 2017 wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì, ní 2022 sì ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbí ní kí wọ́n tún gbà nínú owó tó ti jẹ. Bí wọ́n bá ṣe ọmọ ìlú wọn báyìí, ẹni tó ń fi físà gbélùú ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ní nígbà tí ilé ìwé ń lọ, iṣẹ́ tí wọn ò sanwó fún náà sì ń wọnú rẹ̀. "Ẹ wá bá wa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ oṣù mẹ́ta kí ẹ lè ní ìrírí" lè ba físà yín jẹ́. Ẹni tó tún ní òun á jókòó dáhùn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dípò yín, ẹ má dá a lóhùn rárá.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílé, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó fi owó àjọ ránṣẹ́, ẹ béèrè orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Companies House, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ọjọ́ tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ àti orúkọ àwọn olùdarí rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìwé ẹ̀rí àwọn ní ìjọba lẹ́yìn, ẹ wá a nínú àkọsílẹ̀ Ofqual, àjọ tó ń mójú tó ìwé ẹ̀rí ní England. Kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì tó dára ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun wà níbẹ̀ tí kò sí, òpùrọ́ ni.

Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀. AI ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ kékeré tí wọ́n máa ń fi kọ́ ẹni tuntun, ohun tí ẹ kọ́ lọ́dún yìí, ẹ máa tún un kọ́. Obìnrin kan tí èmi àti ẹ̀ jọ wá láti Òṣogbo ń tọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ òru. Bébà ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó máa wá síṣẹ́ sí níbẹ̀, bírò pupa ní orí bírò dúdú, tí ẹni méjì á dé lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ẹnikẹ́ni ò ní dé lọ́jọ́ kejì. Ó kọ́ Excel lọ́fẹ̀ẹ́, ó gbé gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ kí àpótí tí orúkọ ò bá sí nínú rẹ̀ máa pọ́n fúnra rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń lò ó báyìí. Ìlà kan péré ni lórí CV rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ọ̀gá náà, á gbé fóònù, á sì jẹ́rìí sí i.

Tí ẹ bá ti san owó ńkọ́? Àdéhùn tí ẹ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ní ọjọ́ 14 láti fagi lé e láì sọ ìdí. Bí ẹ bá ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè yọ owó èyí tí wọ́n ti kọ́ yín. Bí wọn ò bá sọ fún yín pé ẹ ní ẹ̀tọ́ náà, ọjọ́ yẹn ń gùn sí i. Ẹni tó fi credit card san ohun tó ju 100 pọ́n-ùn lọ, tí kò ju 30,000 lọ, lè mú ilé iṣẹ́ káàdì náà pẹ̀lú, lábẹ́ Section 75 òfin Consumer Credit Act. Ẹni tó fi debit card san, kó ní kí báńkì òun bá òun ṣe chargeback, ìyẹn ni kí wọ́n gbìyànjú láti gba owó náà padà. Ẹ kọ lẹ́tà ìfagilé náà lónìí, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ sanwó sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ìlérí tí wọ́n kọ sórí WhatsApp kí wọ́n tó yọ yín kúrò nínú ẹgbẹ́ náà.